Krishna Reddy: Ọ̀gá tí kò bo àwo yíǹkì rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún síwájú. Ohun tí mo gbé dání kò tóbi, mo sì fẹ́ kí gbogbo yín fọwọ́ kàn án kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà.

Páànù síǹkì ni. Kì í ṣe irú èyí tí a fi ń kanlé o. Èyí nípọn, ó sì wúwo. Ẹ fi ìka tọ ojú rẹ̀. Níbì kan, ó ń dán, ó ń yọ̀. Níbòmíràn, ìka yín á já sí kòtò. Láàárín òkè àti kòtò, ẹ ó tún kan ibì kan tí kò ga, tí kò sì jìn, bí àtẹ̀gùn ilé. Àtẹ̀gùn mẹ́ta yìí ni àṣírí iṣẹ́ tí mo wá sọ lónìí: iṣẹ́ àwòrán títẹ̀, níbi tí a ti ń fín irin, tí a ń fi yíǹkì sí i, tí a sì ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ẹni tí mo ti ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ọ, mi ò fojú kàn án rí. Ọmọ Íńdíà ni, Krishna Reddy ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1925, ó sì kú ní New York ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, lẹ́ni ọdún 93.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́kọ́ kọ́ mi ní iṣẹ́ àwòrán títẹ̀, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, wọ́n mọ iṣẹ́ dójú àmì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ po yíǹkì, wọ́n á ní kí gbogbo wa bọ́ síta. Bí wọ́n bá tún pè wá wọlé, àwo yíǹkì ti wà ní bíbò, ọ̀bẹ tí wọ́n fi pò ó ti wà ní fífọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bá wọn fọ rólà, tí mo fi bá wọn tẹ ìwé lórí ẹ̀rọ, mi ò sì mọ ohun tó wà nínú àwo náà di òní. Wọ́n kú. Àwọn ọmọ wọn ta ẹ̀rọ ìtẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Àwọ̀ búlúù kan wà tí wọ́n máa ń rí tẹ̀, tó dà bí ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú, tí mi ò tíì rí ẹnì kan tó tún un ṣe mọ́. Nígbàkígbà tí mo bá rántí rẹ̀, ó ń dùn mí.

Nígbà tó yá ni ẹnì kan fún mi ní ẹ̀dà fọ́tòkọ́pì ìwé kan. Reddy ló kọ ọ́ ní 1988, lórí bí a ṣe ń fi páànù kan ṣoṣo tẹ àwọ̀ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣí i, ojú mi là. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀: bí yíǹkì ṣe gbọ́dọ̀ ki tó, irú rólà tó yẹ, bí ásíìdì ṣe ń jẹ irin, ohun tó ń bàjẹ́ àti ìdí tó fi ń bàjẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkùnrin náà kiri láti ìgbà yẹn: irú ènìyàn wo ló ń da gbogbo ohun tó mọ̀ sílẹ̀ ní gbangba báyìí?

Abúlé kan tó ń jẹ́ Nandanoor ni wọ́n ti bí i, ní agbègbè Chittoor, ní gúúsù Íńdíà, ní ibi tí wọ́n ń pè ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh lónìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso nígbà náà. Àwòrán àtẹ̀ kì í sì í ṣe nǹkan àjèjì ní Íńdíà. Ní 1894, Raja Ravi Varma, ayàwòrán ńlá, dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Bombay, ó ń tẹ àwòrán àwọn òrìṣà wọn ní ọ̀pọ̀ yanturu, débi pé tálákà tí kò lè sún mọ́ àwòrán olówó ńlá rí Lakshmi, òrìṣà ọlà wọn, gbé kọ́ sára ògiri ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní òkúta tirẹ̀. Bí àwòrán bá ní àwọ̀ mẹ́wàá, òkúta mẹ́wàá nìyẹn, ìwé kan náà á sì kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí nínú ìkan, ètè òrìṣà á bọ́ sórí àgbọ̀n. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ọdún 1941 ni Reddy, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, gba Santiniketan lọ, ní ilẹ̀ Bengal, ọ̀nà jíjìn réré sí abúlé rẹ̀. Rabindranath Tagore, akéwì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1913, ló dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Abẹ́ igi ni wọ́n ti ń kọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Tagore kú ní ọdún yẹn gan-an, ṣùgbọ́n àwọn tó gbin iṣẹ́ ọnà síbẹ̀ ṣì wà: Nandalal Bose, Benode Behari Mukherjee, àti Ramkinkar Baij tó ń mọ ère ńláńlá sí gbangba òde. Bose yìí náà ló fín àwòrán Gandhi, aṣáájú ìjà òmìnira Íńdíà, sára línólíọ́ọ̀mù, ohun rírọ̀ tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé, ní 1930, bàbá arúgbó pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, tó ń rìn lọ sí etí òkun nítorí owó orí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lórí iyọ̀. Funfun àti dúdú lásán ni, ṣùgbọ́n ẹ lè gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Àwòrán yẹn tàn káàkiri Íńdíà, nítorí pé ohun tí a tẹ̀ ni, kì í ṣe ohun tí olówó kan rà tó tì mọ́ ilé. Ọwọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni Reddy bọ́ sí.

Àkókò náà kì í ṣe àkókò ìrọ̀rùn. Ní 1942, Gandhi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n kó kúrò ní Íńdíà, gbogbo ìlú gbóná. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyàn ńlá mú ní Bengal níbi tó ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀mí tó bá a lọ kọjá mílíọ̀nù kan. Ẹni tó bá wo iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó dàgbà, tó sì rí bí ara ènìyàn ṣe ń yọ́ mọ́ ara wọn, tí a ò mọ ibi tí ẹnì kan parí sí kí ẹlòmíràn tó bẹ̀rẹ̀, kò ní gbàgbé pé ọ̀dọ́ tó ń kọ́ àwòrán láàárín ìyàn ni.

Ó parí ẹ̀kọ́ ní 1946, ọdún kejì ó ti di olùkọ́. Òun ni olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Kalakshetra ní Madras, ilé tí Rukmini Devi Arundale dá sílẹ̀ fún ijó àti ọnà. Ó tún ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ ọmọdé ní ìlànà Montessori, níbi tí ọmọ ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ nǹkan, ní iṣẹ́ ọnà. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú: ìgbà tí kò tíì lórúkọ kankan ló ti ń kọ́ni. Kì í ṣe pé ó gbajúmọ̀ tán kó tó wá rántí pé òun lè kọ́ ẹlòmíràn.

Láti Madras, ó lọ sí London, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ Slade, ó kọ́ ère lọ́dọ̀ Henry Moore. Ó kọjá sí Paris, ó kọ́ ère lọ́dọ̀ Ossip Zadkine. Ère, ère, ère. Ẹ má fojú kéré èyí. Nígbà tó fi máa wọ ilé iṣẹ́ àwòrán títẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń gbẹ́ nǹkan láti òkè lọ sísàlẹ̀. Àwọn yòókù ń wo páànù bí ìwé tí a fẹ́ ya nǹkan sí. Òun ń wò ó bí òkúta. Kò sì fi òkúta gan-an sílẹ̀ pátápátá: ní 1964, ó wà lára àwọn tó lọ gbẹ́ ère sí orí òkè Mount Royal ní Montreal, ní Kánádà.

Ilé iṣẹ́ tó wọ̀ ní Paris yẹn ni Atelier 17. Stanley William Hayter, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló dá a sílẹ̀ ní 1927. Iye tó wà lórúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ilé tí wọ́n wà ní àdúgbò rue Campagne-Première ni. Nígbà tí ogun dé, Hayter gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sí New York ní 1940, ó sì gbé e padà sí Paris ní 1950. Picasso, Miró àti Giacometti ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó gbajúmọ̀ àti ẹni tó dé lánàá ń lo tábìlì kan náà, ásíìdì kan náà, wọ́n ń wo iṣẹ́ ara wọn. Ohun kan tó dùn mọ́ mi nínú ìtàn Hayter ni pé oníkẹ́míkà ni, ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì ló ti ṣiṣẹ́ ní Abadan, ní ilẹ̀ Persia tí a ń pè ní Iran lónìí, kó tó fi ara fún ọnà. Ẹni tó mọ epo ló gba àwọn ọmọ Íńdíà méjì tí wọ́n máa fi epo tún iṣẹ́ àwòrán títẹ̀ ṣe sínú ilé. Reddy ni ọ̀kan. Èkejì ni Kaiko Moti, ọmọ Bombay.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí tábìlì.

Yíǹkì méjì ló wà níwájú mi yìí. Pupa àti búlúù. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, irú ike kan náà ni wọ́n ti jáde, bí wọ́n ṣe ki tó sì dọ́gba títí di òwúrọ̀ yìí. Mo da òróró línsíìdì sínú pupa, mo pò ó, mo tún dà sí i. Ẹ wò ó bí mo ṣe gbé ọ̀bẹ sókè: ó ń ṣàn bí oyin. Búlúù, mi ò da nǹkan sí i rárá. Ẹ wo òun náà: ó rọ̀ mọ́ ọ̀bẹ, kò fẹ́ já.

Mo ti fi yíǹkì dúdú tó ki kún inú kòtò páànù, mo ti fi aṣọ hàrá-hàrá nu ojú rẹ̀ títí kò fi ku nǹkan kan lórí òkè. Mo wá gbé rólà líle, mo fi gba pupa tó ń ṣàn. Rólà yìí le, kò lè tẹ̀ wọnú, orí òkè nìkan ló ń kàn. Orí òkè di pupa. Mo gbé rólà kejì, èyí tó rọ̀ bí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọmọdé, mo fi gba búlúù tó ki. Ẹ fi etí sílẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún, pẹrẹ-pẹrẹ, bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lórí ewé? Yíǹkì tó ki ló ń dún bẹ́ẹ̀. Rólà rírọ̀ yìí wọlé dé àtẹ̀gùn àárín, ó fi búlúù síbẹ̀. Bó sì ti ń lọ, ó ń gba orí pupa kọjá. Ẹ sún mọ́ ọn kẹ́ ẹ wò ó. Pupa ò gba búlúù. Ó ń lé e. Òróró tó wà nínú rẹ̀ kò jẹ́ kí èyí tó ki lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọ̀ mẹ́ta lórí páànù kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ ààyè rẹ̀, wọn ò dàrú mọ́ra. Ìgbà kan péré ni ìwé máa kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ rántí òkúta mẹ́wàá.

Ohun tí wọ́n rí ní Atelier 17 ní àwọn ọdún 1950 nìyí: Reddy, Moti, Hayter, àti àwọn tí wọ́n jọ wà nínú yàrá yẹn. Nínú gbogbo wọn, Reddy ló gbé e jìnnà jù, nítorí ọwọ́ agbẹ́re tó ní. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ni tèmi yìí ní. Tirẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹ̀gbẹ́ òkè, ó ń lo ásíìdì, ó ń lo irin ìfín, ó ń lo ẹ̀rọ alágbára iná láti fi lọ̀ ọ́. Nítorí náà àwọ̀ rẹ̀ kì í gé lójijì. Ó ń wọ inú ara wọn bí ọ̀sán ṣe ń di ìrọ̀lẹ́.

Àwòrán rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Whirlpool, ti 1963. Omi tó ń yí ni. Bí ẹ bá jìnnà sí i, ìṣíkiri kan ṣoṣo lẹ ó rí, ohun gbogbo ń wọ́ lọ sí àárín. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, omi ti pòórá, kìkì ìlà tín-ín-tìn-ìn-tín ló kù, ìlà lórí ìlà, yàrá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá kékeré, wọn ò ṣe é kà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló fín gbogbo wọn sínú irin. Àìmọye oṣù ni mo fi wo ẹ̀dà àwòrán yẹn nínú ìwé kí n tó yé wíwo omi, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo sùúrù.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Paris tú jáde sí ìgboro, wọ́n ń bá ìjọba fà á. Reddy wà nílùú. Ó ṣe páànù kan tó pè ní Demonstrators. Kò ya ọlọ́pàá, kò ya iná. Ènìyàn ló yà, tí ara wọn di ìlà tó nà sókè, tí wọ́n sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí a ò fi lè yọ ẹnì kan kúrò láàárín wọn. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń rákòò, ó ṣe Apu Crawling ní 1975. Bàbá tó ti di ẹni àádọ́ta ọdún dọ̀bálẹ̀ láti wo ọmọ bó ṣe ń wá ayé kàn. Láti 1981 ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ Great Clown, aláwàdà inú agbo eré sákọ́ọ̀sì, tí òbìrìkìtì yí ká. Páànù kan yìí ló ń fi oríṣiríṣi àwọ̀ tẹ̀ léraléra: ọ̀kan á gbóná bí iná, òmíràn á tutù, ojú aláwàdà náà á yí padà láti orí ẹ̀rín bọ́ sórí ìbànújẹ́, bẹ́ẹ̀ páànù ò yí padà rárá. Èmi gbà pé òun ni iṣẹ́ tó ga jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn kan níbí máa bá mi jiyàn nítorí Whirlpool.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ olùkọ́, nítorí òun gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Láti 1957 ló ti ń ran Hayter lọ́wọ́ láti darí Atelier 17, nígbà tó sì di àárín àwọn ọdún 1960, àwọn méjèèjì ló jọ ń darí rẹ̀, títí di 1976 tó kó lọ sí New York, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì New York. Ìjọba Íńdíà fún un ní oyè Padma Shri ní 1972. Láàárín gbogbo èyí, ó ń rìn kiri: Amẹ́ríkà, Íńdíà, yunifásítì sí yunifásítì, rólà lọ́wọ́. Á dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, á po yíǹkì lójú wọn. Ohun tí ọ̀gá mi ń lé wa síta nítorí rẹ̀ nìyẹn. Òun ń ṣe é ní gbangba, ó sì tún kọ ọ́ sínú ìwé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò. Bí mo bá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, kí ló kù fún mi láti jẹ? Mi ò fojú tínrín ìbéèrè yẹn. Oúnjẹ ọmọ wà nínú rẹ̀, ọ̀gá mi sì ní ọmọ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ẹ wo obìnrin kan tó ń jẹ́ Zarina Hashmi. Aligarh ni wọ́n bí i sí ní 1937. Ó dé Paris ní àwọn ọdún 1960, ó kọ́ṣẹ́ ní Atelier 17 nígbà tí Reddy wà níbẹ̀. Ìbá rọrùn fún un láti máa tẹ àwọ̀ lórí àwọ̀ bí ọ̀gá rẹ̀. Ohun tó wá ṣe ni pé ó yíjú sí pákó, ó ń fín in, ó ń fi yíǹkì dúdú tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ní 1999, ó ṣe àwòrán mẹ́rìndínlógójì tó pè ní Home Is a Foreign Place, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ọ̀rọ̀ kan ní èdè Urdu: ilé, ẹnu ọ̀nà, àgbàlá. Ìlà tó dúró ṣánṣán, àyè tó ṣófo. Pínpín tí wọ́n pín Íńdíà àti Pakistan ní 1947 ló ń bá a fà á nínú ọkàn láti èwe rẹ̀. Reddy ò lè kọ́ ọ ní ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì lè jí i gbé. Ohun tó gbà lọ́wọ́ àwọn ará Paris ni bí irin, pákó àti ìwé ṣe ń bá ọwọ́ sọ̀rọ̀, ó wá fi sọ tirẹ̀. Nígbà tó di 2016, ilé àkójọ ọnà Metropolitan ní New York kó iṣẹ́ àwọn mẹ́ta jọ sínú àfihàn kan: Hayter, Reddy, Zarina. Ẹ dúró síwájú wọn, ẹ ò ní ṣi tẹnì kan pè ní tẹlòmíràn.

Lọ́dún tó kọjá, mo ba páànù mẹ́rin jẹ́. Mo da òróró sínú yíǹkì tí kò yẹ kó ní òróró, pupa àti búlúù gba ara wọn, wọ́n di ẹrẹ̀. Mo ṣí ìwé Reddy, mo rí ojú ibi tó ti sọ ọ́ pé bó bá rí báyìí, ohun tẹ́ ẹ ṣe nìyí. Ẹni tí kò mọ̀ mí, tó wà ní òdì kejì òkun, ti mọ̀ pé màá ṣe àṣìṣe yẹn, ó sì dúró dè mí síbẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí, mo sunkún díẹ̀. Ọ̀gá mi ló wá sí mi lọ́kàn, àti búlúù wọn yẹn.

Ìwé ti rin tó báyìí. Arákùnrin tó wà nítòsí ẹ̀rọ, ẹ bá mi gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn, aṣọ nípọn tó ń ti ìwé wọnú kòtò páànù, lé e lórí, ẹ rọra máa yí ọwọ́ ẹ̀rọ, ẹ má dúró láàárín. Ó dára. Ẹ ṣí i láti igun.

Ẹ wo búlúù yẹn bó ṣe jókòó sábẹ́ pupa. Mo ti kọ ìwọ̀n òróró tí mo lò sójú pátákó, àti orúkọ yíǹkì, àti bí rólà kọ̀ọ̀kan ṣe le sí. Ẹni tó bá ní fóònù, kó yà á. Àwo méjèèjì wà ní ṣíṣí lórí tábìlì, rólà mẹ́rin ló wà nílẹ̀, páànù kò sì tíì tutù. Ta ló fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò?